Kì Í Ṣe Gbogbo Ẹ̀jẹ̀ Ìdí Ni Jẹ̀díjẹ̀dí

Ẹ̀yin ará Ìbàràpá, láti Igbó-Ọrà dé Èrúwà, láti Láńlátẹ̀ dé Ìgàngàn, ọ̀rọ̀ kan wà tí ojú ń tì wá láti sọ. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lónìí. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ni.

Nígbà tí ẹ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ láàárọ̀, ṣé ẹ wò ó? Ọ̀pọ̀ wa kì í wò ó. A ó da omi sí i, a ó jáde. Ẹ máa wò ó. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, tàbí tí ìgbẹ́ náà dúdú bí ọ̀dà, ẹ má fi pamọ́.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: "Jẹ̀díjẹ̀dí ni." Ẹ ó yà sọ́dọ̀ ìyá alágbo, ẹ ó mu ife kan, ara á fúyẹ́ díẹ̀, ó parí. Lóòótọ́, jẹ̀díjẹ̀dí ló máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ jẹjẹrẹ ìfun ńlá náà máa ń mú ẹ̀jẹ̀ wá. Ojú lásán kò lè mọ èyí tó jẹ́. Ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ni mo ń bá wí jù. Wọ́n ti sọ fún yín pé àrùn àgbà ni. Pelé, ọba bọ́ọ̀lù, ti pé ọdún 82 kí jẹjẹrẹ ìfun tó pa á ní oṣù Kejìlá ọdún 2022. Ṣùgbọ́n Chadwick Boseman, òṣèré Black Panther, kò ju ẹni ọdún 43 lọ nígbà tí àrùn yìí kan náà pa á ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020. Láti 2016 ni wọ́n ti rí i lára rẹ̀, ó sì ti dé ìpele kẹta nígbà náà. Àìsàn yìí wà lára rẹ̀ nígbà tó ń ṣe fíìmù tí gbogbo ayé pàtẹ́wọ́ fún.

Àgbà ló ṣì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ní in lágbàáyé. Bí ọjọ́ orí bá ṣe ń lọ sókè ni ewu rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ní Amẹ́ríkà, tàwọn àgbà ti ń dín kù nítorí pé wọ́n ń yẹ ìfun wọn wò déédéé. Tàwọn tí kò tíì pé 50 ló ń pọ̀ sí i láti bí ọgbọ̀n ọdún wá. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn wọn fi ní kí àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 45 ní 2021, kì í ṣe 50 mọ́. Nílé níbí ńkọ́? Àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ nínú ẹgbẹ́ ARGO, ti rí i pé ọ̀pọ̀ aláìsàn wa ni kò tíì darúgbó, àti pé ọ̀pọ̀ jù lọ ló ń pẹ́ kí wọ́n tó wá.

Kí ló ń fa pípẹ́ yẹn? Bí bàbá ẹni ọdún 70 bá rí ẹ̀jẹ̀, gbogbo ilé á dìde. Bí ọmọ ọdún 32 bá rí i, wọ́n á ní kó dín ṣúgà kù. Nígbà mìíràn, nọ́ọ̀sì tàbí ẹni tó ni kẹ́míìsì á fún un ní oògùn aràn láì yẹ̀ ẹ́ wò rárá. Oṣù mẹ́fà á kọjá báyẹn. Èyí ń bí mi nínú, nítorí kókó kékeré lára ìfun ni àrùn yìí sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, ó sì lè lo bí ọdún mẹ́wàá kó tó di jẹjẹrẹ. Wọ́n lè ti ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà bọ ìdí, kí wọ́n rí kókó náà, kí wọ́n sì gé e kúrò láì la ikùn. Ní Amẹ́ríkà, bí wọ́n bá tètè rí jẹjẹrẹ náà, nǹkan bí ẹni mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ń lo ọdún márùn-ún ó lé. Bó bá ti dé ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró, wọn kì í pé ẹni méjì nínú mẹ́wàá.

Ẹ má wo ẹ̀jẹ̀ nìkan. Ṣé ìgbẹ́ yín yí padà, tí kò padà sí bó ṣe wà? Ṣé ó ń ṣe yín bíi pé kò tán nínú? Ṣé ẹ ń rù láìnídìí? Ṣé wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ yín kò tó, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ ibi tó ń gbà lọ? Bó bá ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ dìde. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ yín. Ẹ sọ fún dókítà pé kó fi ọwọ́ wo inú ìdí yín. Kì í pẹ́ rárá. Bó bá kọ ìwé pé kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn, ẹ má fi ìwé náà sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ẹ̀yin ìyá alágbo, iṣẹ́ yín rèé. Bí oníbàárà bá padà wá lẹ́ẹ̀kejì nítorí ẹ̀jẹ̀, ẹ má tà fún un mọ́. Ẹ ní kó lọ rí dókítà. Ẹ̀yin náà, oníkẹ́míìsì.

Ẹ̀yin ọmọ ilé, ẹ bi àwọn àgbà léèrè lálẹ́ òní: kí ló pa bàbá àgbà? Ọmọ ọdún mélòó ni? Bó bá jẹ́ pé bàbá, ìyá tàbí ọmọ ìyá yín ti ní jẹjẹrẹ ìfun rí, ẹ ti ń ṣe àyẹ̀wò láti ọdún 40, tàbí kó ku ọdún mẹ́wàá kí ẹ tó dé ọjọ́ orí tí ó mú un. Ẹ mú èyí tó bá yá jù.

Oúnjẹ? Ìlasa àti ẹ̀wà dára fún ìfun. Ẹ dín ọtí kù, ẹ fi sìgá sílẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá rántí sòbìà ní Ìdèrè mọ̀ pé bí aráàlú bá pawọ́ pọ̀, a lè gbógun ti àrùn. Aráàlú ló ń fi aṣọ sẹ́ omi kí wọ́n tó mu ún. Ní 2008 ni Nàìjíríà rí ẹni ìkẹyìn tó ní in, nígbà tó di 2013, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé a ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Owó ọkọ̀ dé Ìbàdàn kò rọrùn fún gbogbo èèyàn, owó àyẹ̀wò náà kò kéré. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ń yá èèyàn lówó ṣe ìnáwó òkú. Ẹ gbé e kalẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀ kí wọ́n máa yáni lówó àyẹ̀wò pẹ̀lú. Bí ẹnì kan ní àdúgbò bá sì ti ní àmì wọ̀nyí, ẹ má dúró de ìpàdé. Ẹ bá a wọ ọkọ̀ lọ́la.