Ìràwọ̀ Dúdú Ilẹ̀ Gánà

Bí ẹ bá bi ọmọ ilé-ìwé léèrè ohun tí ìràwọ̀ dúdú inú àsíá Gánà dúró fún, kíá ni yóò dáhùn pé, "Òmìnira Áfíríkà." Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í níbi tí ìràwọ̀ náà ti wá, ẹnu rẹ̀ a wọhò. Lójú tèmi, àwa olùkọ́ ni ó jẹ̀bi.

Ní ọdún 1919, Marcus Garvey, ọmọ Jàmáíkà tí ó ń gbé ní New York, dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun sílẹ̀, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní Black Star Line, èyíinì ni Ọkọ̀ Ìràwọ̀ Dúdú. Ó fẹ́ kí ènìyàn dúdú ní ọkọ̀ tiwọn láti fi bá Áfíríkà ṣòwò. Dọ́là 5 ni ó ta ìpín kọ̀ọ̀kan, kí tálákà pàápàá lè rí i rà. Ṣùgbọ́n ògbólógbòó ọkọ̀ ni wọ́n rà, ìṣàkóso kò gún, iṣẹ́ náà sì dópin ní 1922. Wọ́n fi Garvey sẹ́wọ̀n lórí ẹ̀sùn jìbìtì, wọ́n sì lé e kúrò ní Amẹ́ríkà ní 1927. Ó kú ní London ní 1940, láìfi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Áfíríkà rí. Ọdún 2025 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó dárí jì í.

Àwọn àgbà ní, "Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn." Kwame Nkrumah wo ẹ̀yìn. Ó jẹ́wọ́ pé ìwé Garvey wà lára ohun tí ó ru òun sókè jù lọ. Nígbà tí Gánà gba òmìnira ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta, ọdún 1957, ìràwọ̀ dúdú ti wà láàárín àsíá tí Theodosia Okoh yà, obìnrin tí òun náà ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ní ọdún yìí kan náà ni Gánà dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun tirẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì fún un ní orúkọ ti Garvey gan-an. Àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn pẹ̀lú ń jẹ́ Black Stars. Wọ́n sì gba ife Áfíríkà ní 1963, 1965, 1978 àti 1982.

Ẹlòmíràn lè sọ pé ìtàn gbèsè àti ẹ̀wọ̀n kò yẹ létí ọmọdé. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ìṣẹ́gun nìkan ni a bá ń kọ́ wọn, ọmọ tí ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò yóò rò pé ayé òun ti parí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a sọ àṣìṣe Garvey fún wọn, kí a sì sọ èrè rẹ̀ pẹ̀lú: ọkọ̀ rẹ̀ kò dé èbúté Áfíríkà, ṣùgbọ́n ìràwọ̀ rẹ̀ dé.