Ohùn òǹkọ̀wé ni kí ẹ kọ́ àwọn ọmọ
Nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì WAEC, wọ́n máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà, wọn a sì bi í léèrè ọnà èdè tó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ti kọ́ orúkọ wọn lákọ̀ọ́sórí, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ bóyá òǹkọ̀wé ń yinni ni tàbí ó ń búni. Bẹ́ẹ̀, bí ọmọ bá fọ́ àwo, tí ìyá rẹ̀ ní, "O káre o!", ọmọ mọ̀ pé ìbáwí ni. Ohùn ló fi mọ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi òwe du àwọn ọmọ yín nítorí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí kò gbọ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀ nílé, báwo ni yóò ṣe gbọ́ ọ nínú ìdánwò?