Omi Kànga Kì í Ṣe Coolant

Ọ̀rọ̀ kan ti sú wa: "Coolant kẹ̀? Ìlú òtútù ni wọ́n ti ń lò ó, omi ti tó fún tírákítọ̀ l'Ókìtìpupa." Irọ́ ni! Lóòótọ́, omi kì í di yìnyín níbí. Ṣùgbọ́n coolant kì í jẹ́ kí omi tètè hó, ó sì ń dènà ìpẹtà. Omi kànga ní èròjà tó ń lẹ̀ mọ́ inú ẹ́ńjìnnì bí èépá. Ooru á há síbẹ̀, gasket á jó. Èyí tó le jù ni ti ẹ́ńjìnnì diesel tí omi ń kan sleeve rẹ̀ ní tààrà: bí sleeve ṣe ń gbọ̀n, ìfófòó omi á máa gbẹ́ ihò sí i lára, títí omi á fi wọnú ọ́ìlì. Ṣé owó coolant wá tó owó títú ẹ́ńjìnnì palẹ̀?

Àwọn tó ń tà á náà ò ràn wá lọ́wọ́. "Ẹ gbé green." Àwọ̀ kọ́ la fi ń ra coolant o! Aró tó bá wu ilé-iṣẹ́ ló ń pò mọ́ ọn. Ìwé tírákítọ̀ yín ni kẹ́ ẹ wò, ẹ má sì da oríṣi méjì pọ̀. Tó bá jẹ́ ògidì, omi tí wọ́n ń tà fún bátìrì ni kẹ́ ẹ fi là á, ìdajì-ìdajì.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá kẹ́ ẹ tó ṣí rádíétọ̀. Inú kẹ́ẹ̀gì ni kẹ́ ẹ da ti àtijọ́ sí: ó dùn lẹ́nu, májèlé sì ni, ewúrẹ́ tó bá lá a lè kú. Ẹ fi omi mímọ́ ṣan inú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó rọ tuntun.

Mẹkáníìkì tó bá ṣì ní omi lásán ti tó, ẹ bi í pé ta ló máa sanwó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá nọ́ọ̀kì.