Owó Gbà-Má-Bìínú Kì Í Ṣe Owó Òwò

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán lọ́jọ́ Ajé, èrò ti máa ń pọ̀ lẹ́nu géètì àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó wà ní Ọ̀tà. Àwọn kan wọ aṣọ iṣẹ́, wọ́n fẹ́ wọlé. Àwọn mìíràn fi fáìlì há abíyá, wọ́n ń wá ọ̀nà àtiwọlé. Kì í ṣe ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé nìkan ló ń gbé fáìlì kiri mọ́. Baálé ilé tó ti lo ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nídìí ẹ̀rọ wà láàárín wọn.

Ohun tó fà á kò fara sin. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, GlaxoSmithKline, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Agbára ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, kéde pé òun ń kógbá sílé ní Nàìjíríà. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún náà, Procter & Gamble, tí àwọn ìyálé ilé mọ̀ mọ́ Ariel àti Pampers, sọ pé òun kò ní ṣe ọjà níbí mọ́, kíkó ọjà wọlé láti òkè òkun ló kù. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti yọwọ́ nínú dídá iye owó náírà sí dọ́là, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi dọ́là ra èròjà kò rọ́wọ́ mú. Bí géètì ńlá kan bá sì tì, ẹni tó ń ṣe páálí fún wọn, awakọ̀ tó ń kó ẹrù wọn àti ìyá olóúnjẹ tó ń tajà níwájú géètì ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ bá gba owó gbà-má-bìínú, gbogbo ayé ni yóò di agbaninímọ̀ràn. Ẹ̀gbọ́n yóò ní kó ra kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ará ìjọ yóò ní kó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Àna yóò ní ẹnìkan wà tó ń fi owó dá owó. Ìmọ̀ràn ìfẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n kù díẹ̀ káàtó. Owó yẹn kì í ṣe owó òwò. Owó oṣù tí ẹnikẹ́ni kò ní san mọ́ ni.

Ká ní ẹnìkan gba 1,200,000 náírà, tí ilé rẹ̀ sì ń ná 150,000 lóṣù lórí oúnjẹ, owó ilé, owó ọkọ̀ àti owó ilé ìwé. Oṣù mẹ́jọ ni owó náà. Bó bá fi 800,000 kún owó kẹ̀kẹ́ àlòkù, ó ti sọ oṣù mẹ́jọ di oṣù méjì àti díẹ̀, kẹ̀kẹ́ tó fẹ́ gbára lé yóò sì máa bá kòtò ojú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò jà lójoojúmọ́, yàtọ̀ sí owó tíkẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe pé òwò burú. Àmọ́ ẹni tí kò ṣe òwò rí kò yẹ kó fi oúnjẹ ọmọ kọ́ ọ.

Ohun tó yẹ kó ṣáájú ni kíka owó tó wà nílẹ̀. Gbèsè ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sábà máa ń ti jẹ́ yíyọ kí owó tó dé ọwọ́. Kí ọkọ sọ fún aya, kí aya sọ fún ọkọ. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ṣì ń múra jáde láàárọ̀ bí ẹni ń lọ síbi iṣẹ́, tí wọ́n á jókòó sábẹ́ afárá Sàngó títí di ìrọ̀lẹ́, nítorí ìtìjú. Irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ ló ń sin ènìyàn lọ sọ́dọ̀ àwọn ayánilówó orí fóònù, tí wọ́n ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ta ẹni tó jẹ wọ́n lẹ́sín lójú ẹbí.

Owó mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ kì í rántí. Òfin Ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 fàyè gba ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún, láti gba ìdá kan nínú mẹ́rin owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, bí oṣù mẹ́rin bá kọjá tí kò rí iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tí wọ́n ń ṣírò owó rẹ̀ lórí 100,000 lóṣù ń fi 8,000 sílẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ ń fi 10,000 kún un. Lọ́dún mẹ́wàá, 2,160,000 ni, láìka èrè. Ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 540,000. Ṣùgbọ́n nínú oṣù mẹ́rin yẹn gan-an ni onílé ń kanlẹ̀kùn. Ó tó àkókò kí àwọn aṣòfin dín in kù fún ẹni tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ tì pátápátá, nítorí owó rẹ̀ ni, kì í ṣe ọrẹ.

Àwọn kásúà kò tilẹ̀ ní àpò owó ìfẹ̀yìntì kankan. Ọwọ́ agbaniṣẹ́ alágbàṣe ni wọ́n ti ń gba owó. Fún àwọn yòókù, ẹ̀ka 20 Òfin Iṣẹ́ ní kí ilé iṣẹ́ sọ ìdí tó fi fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kó sì sa ipá rẹ̀ láti dúnàádúrà lórí owó gbà-má-bìínú. Òfin náà kò dá iye kankan. Ṣùgbọ́n 'sa ipá' kì í ṣe 'san owó', àwọn agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ sì mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ibi tó yẹ kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti máa pariwo nìyẹn, kí géètì tó tì.

Ní ti iṣẹ́ tuntun, ẹni tó bá ní kí awáṣẹ́ san owó fọ́ọ̀mù kó tó wọlé, olè ni. Fáìlì abíyá kò sì tó mọ́. Ẹni tó mọ ẹ̀rọ tún ṣe tàbí tó ń wa fọ́kílíìfù nílò ìwé tó fi hàn bẹ́ẹ̀, trade test ti ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì wà fún un. Kí ó tó dá káàdì ìdánimọ̀ padà, kó béèrè lẹ́tà tó sọ ọdún tó lò àti iṣẹ́ tó ṣe, ẹ̀dà ìwé ẹ̀kọ́ tí wọ́n rán an lọ, àti ẹ̀rí pé wọ́n san owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ pé. Lẹ́yìn tí géètì bá tì, ẹ̀ṣọ́ nìkan ni yóò bá níbẹ̀.