Tẹ́rábáìtì Kọ́ Ló Ń Jẹ́ Kí Virtual Desktop Yá

Tí ilé ìwé tàbí iléeṣẹ́ kékeré kan bá fẹ́ gbé virtual desktop kalẹ̀, ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ bi ọlọ́jà ni pé, “Tẹ́rábáìtì mélòó ni owó wa lè rà?” Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí wọ́n náwó lásán. Ohun tó yẹ kí wọ́n bèèrè ni pé, “Iṣẹ́ mélòó ni disk yìí lè jẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan?”

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Virtual desktop ni kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í wáyé nínú ẹ̀rọ tó wà níwájú yín. Windows yín àti fáìlì yín wà lórí server; àwòrán ojú kọ̀ǹpútà nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ yín. Ó dára gan-an, torí ògbólógbòó kọ̀ǹpútà pàápàá á ṣiṣẹ́. Àmọ́ tí èèyàn 50 bá ń lò ó, disk kan náà ni gbogbo wọn jọ ń pín lò.

Wàhálà máa ń dé láàárọ̀, nígbà tí gbogbo èèyàn bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, tí Windows 50 sì ń jí pa pọ̀. Boot storm ni wọ́n ń pè é. Ẹ wo ilé ìyá alámàlà lọ́sàn-án: ìkòkò rẹ̀ lè tóbi tó ilé, tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń bu oúnjẹ, ẹ óò dúró pẹ́ lórí ìlà ni. Tẹ́rábáìtì ni ìkòkò. Ọwọ́ tó ń bu oúnjẹ ni ohun tí mò ń sọ.

Hard disk jẹ́ àwo tó ń yí. Èyí tó wọ́pọ̀ ń yí nígbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan. Kí apá tó ń kà á tó dé ibi tó yẹ, kí àwo náà sì tó yí dé abẹ́ rẹ̀, ó máa ń gba nǹkan bí ìdá 12 tàbí 13 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ ṣírò rẹ̀: nígbà tí iṣẹ́ bá fọ́n káàkiri orí disk, nǹkan bí 80 péré ló lè jẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bóyá tẹ́rábáìtì 2 ni tàbí 16, ìyàtọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ sí. SSD ò ní ohun kankan tó ń yí, ìdí nìyẹn tí èyí tí wọ́n ṣe fún server fi lè jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ láàárín àkókò kan náà.

Ká wá ní desktop kọ̀ọ̀kan ń bèèrè iṣẹ́ 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tí ara ti balẹ̀. Ti 50 jẹ́ 500. Virtual desktop máa ń kọ nǹkan sílẹ̀ ju bó ṣe ń kà lọ, nítorí náà ká sọ pé 400 jẹ́ kíkọ, 100 jẹ́ kíkà. Tí ẹ bá to hard disk 8 sí RAID 5, kíkọ kan á di iṣẹ́ mẹ́rin lórí àwọn disk náà. Àpapọ̀ di 1,700. Àwọn disk 8 yẹn ò lè ju nǹkan bí 640 lọ. Cache lè ràn yín lọ́wọ́ díẹ̀, àmọ́ mi ò ní gbọ́kàn lé e. Ìjì àárọ̀ ò sì tíì dé o!

Ẹ óò ní, “SSD wọ́n.” Òótọ́ ni, tó bá jẹ́ tẹ́rábáìtì lẹ ń kà. Àmọ́ ta ló ní ẹ nílò púpọ̀? Tí Windows kan bá gba gígábáìtì 40, ẹ̀dà odindi 50 á gba 2,000. Tí ẹ bá lo linked clone, gbogbo wọn á jọ máa ka àwòṣe kan ṣoṣo, ohun tó yàtọ̀ nìkan ni desktop kọ̀ọ̀kan á máa pa mọ́. Ká ní ìyẹn jẹ́ gígábáìtì 5 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ jẹ́ 290. SSD gígábáìtì 960 méjì, tí ọ̀kan jẹ́ ẹ̀dà èkejì, ti tó. Ẹ wá kó fáìdì àti ìwé àwọn èèyàn sórí hard disk olówó pọ́ọ́kú. Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn.

Ẹ má kàn ra SSD ti laptop ṣá o. Ẹ wá èyí tó ní ààbò fún ìgbà tí iná bá lọ lójijì, torí lọ́dọ̀ wa, iná kì í dágbére. Ẹ wo iye dátà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é sọ pé wọ́n lè kọ sí i kó tó gbó. Ẹ sì ní backup níbòmíràn, torí ohun tẹ́ ẹ bá pa rẹ́ lórí ọ̀kan ti pa rẹ́ lórí èkejì náà nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìṣẹ́jú 40 fún kíláàsì kọ̀ǹpútà, tó fi 10 nínú rẹ̀ wo àmì tó ń yí lójú ẹ̀rọ, òun ló ń san owó tí ẹ rò pé ẹ fi pa mọ́. Wọ́n á ní íntánẹ́ẹ̀tì ni ò dáa. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n á ti yàrá náà pa. Nítorí náà, tí ọlọ́jà bá ti ń pariwo tẹ́rábáìtì, ẹ bi í ní iye iṣẹ́ tó lè jẹ́. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ kọjá sí ìsọ̀ tó kàn.