TÁYÀ TÓ JẸ LÁPÁ KAN: ṢÉ DÍRẸ́BÀ LÓ JẸ̀BI?

Bí táyà bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ bá tètè jẹ, tàbí tí ọkọ̀ bá yọ̀ níbi tí ọ̀nà ti yí, gbólóhùn kan náà ni àwọn ọ̀gá máa ń sọ: "Dírẹ́bà kò mọ ọkọ̀ wà." Wọn a fún un ní ìwé wá-wí-tẹnu-rẹ, wọn a sì yọ owó táyà nínú owó oṣù rẹ̀. Àwa ń bi wọ́n léèrè: ta ló ra táyà náà? Ta ló kọ̀ láti gbé ọkọ̀ lọ ṣe àláínmẹ́ǹtì?

Ẹ wo àwọn tó ń fi mọ́tò sáré ìdíje. Ọ̀gá ni wọ́n nídìí ọkọ̀ wíwà, síbẹ̀ kò sí èyí tí yóò jáde láìjẹ́ pé wọ́n ti wọn ìdúró wíìlì rẹ̀, tí wọ́n sì yan táyà tó bá òjò tàbí ọ̀dá mu. Wọ́n mọ̀ pé ìwọ̀nba ibi tí táyà fi kan ilẹ̀ ni bírékì àti sítíárìn gbẹ́kẹ̀ lé. Bí ẹnì kan ṣoṣo nínú mọ́tò eré bá yẹ fún irú ìtọ́jú yìí, kí ló dé tí kò yẹ fún bọ́ọ̀sì tó kún fún èèyàn?

Táyà fúnra rẹ̀ ń jẹ́rìí. Bó bá jẹ láàárín, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Bó bá jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, afẹ́fẹ́ kò tó. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ lápá kan, tàbí tó rí bí eyín ayùn nígbà tí a fọwọ́ pa á, àláínmẹ́ǹtì ti yẹ̀, tàbí irin ẹsẹ̀ ọkọ̀ ti jẹ. Kòtò ojú ọ̀nà ló ń ṣe èyí. Ṣé dírẹ́bà ló gbẹ́ kòtò?

Michelin ti ilé iṣẹ́ táyà rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007. Dunlop ṣíwọ́ táyà ṣíṣe ní Ìkẹjà ní 2008. Àwọn òṣìṣẹ́ bíi tiwa pàdánù iṣẹ́, tòkunbọ̀ sì gba ìgboro. Ẹ máa wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú àmì DOT lára táyà: 3518 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2018. Táyà tó ti gbó lè bẹ́ lójú ọ̀nà, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ jinlẹ̀.

Ohun tí a ń béèrè nìyí:

1. Kí wọ́n ṣe àláínmẹ́ǹtì nígbàkúùgbà tí wọ́n bá pààrọ̀ táyà tàbí irin ẹsẹ̀ ọkọ̀, àti nígbà tí dírẹ́bà bá wí pé ọkọ̀ ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.
2. Kí tòkunbọ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́.
3. Kí wọ́n yéé yọ owó táyà nínú owó oṣù ẹnikẹ́ni.
4. Kí wọ́n má fìyà jẹ dírẹ́bà tó bá kọ̀ láti gbé ọkọ̀ tí kò dára jáde.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí wọ́n lé dírẹ́bà mẹ́wàá, ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́ yóò ṣì máa fà sínú igbó. Ẹ̀yin ará ìdí ẹ̀rọ, ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn dírẹ́bà nìyí: bọ́ọ̀sì yìí náà ló ń gbé yín wá láàárọ̀. Ẹ wá sí ìpàdé ẹ̀ka wa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.