Ìwé Àṣẹ Nìkan Kò Tó: Ọ̀rọ̀ Tẹ́tẹ́ àti Owó Oṣù Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti owó oṣù tí kò tó ná. Ti owó tí a ti gbà sọ́wọ́ ni, ṣùgbọ́n tí kò délé.

Ẹni tí ó bá gba Ẹnuwá kọjá lọ́jọ́ Sátidé yóò rí ohun tí mo ń wí. Tọmọdé tàgbà ni wọ́n dúró, tí ojú wọn kò kúrò lára tẹlifóònù. Bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Sípéènì àti ti Jámánì ni wọ́n ń ta tẹ́tẹ́ lé lórí. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń gba owó wọn ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ìbéèrè mi ti bẹ̀rẹ̀: ta ni ìwé àṣẹ náà ń dáàbò bò?

Tẹ́tẹ́ kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn bàbá wa ta púùlù. Wọ́n á sàmì sí ìwé láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n á sì dúró de èsì lórí rédíò ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá gba ìsinmi, wọ́n á yí sí bọ́ọ̀lù Ọsirélíà. Ẹni tí kò bá jẹ, ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, owó ọwọ́ rẹ̀ ń sinmi. Tẹ́tẹ́ òde òní kò mọ ìsinmi. Inú àpò ṣòkòtò ló wà tọ̀sán tòru. Bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà tilẹ̀ wà, tí ènìyàn kankan kò gbá, tí ó ń parí láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan kí a lè tún ta òmíràn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní nínú náírà kọ̀ọ̀kan, kọ́bọ̀ 10 ni ilé tẹ́tẹ́ ń mú. Bí ẹnì kan bá fi ₦10,000 ta, bí a bá wò ó ní ìdọ́gba, ₦9,000 ni yóò padà sọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá tún ń fi gbogbo èyí tí ó kù ta títí di ìgbà 10, ohun tí yóò kù kò ní pé ₦3,500. Láyé púùlù, ọ̀sẹ̀ 10 ni èyí ìbá gbà. Lónìí, kí ọbẹ̀ tó jinná lórí iná, ó ti parí. Kì í ṣe pé orí onítọ̀hún burú, ìṣirò ni.

Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ bẹ̀ mí pé kí n ṣe onídùúró òun nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, pé òun fẹ́ fi owó náà kan òrùlé. Mo fọwọ́ sí ìwé. Páànù kan ṣoṣo kò gun orí ilé náà. Láàárín oṣù mẹ́ta, gbogbo owó náà ti bá inú tẹlifóònù lọ. Oṣù mọ́kànlá ni wọ́n fi yọ gbèsè náà nínú owó oṣù tèmi. Ìyàwó mi bi mí pé, “Bàbá Tóyìn, èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì gan-an ló ta tẹ́tẹ́?” N kò rí èsì fọ̀. Ọ̀rẹ́ mi náà kì í ṣe olè. Ó ní ìgbàkígbà tí òun bá ti pinnu láti jáwọ́, ilé-iṣẹ́ náà a fi owó ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí òun pé kí òun máa padà bọ̀.

Kí ni òfin wí? Lọ́dún 2005, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin lọ́tìrì, wọ́n sì dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó o. Lọ́dún 2008, Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ náà dájọ́ pé Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ kò láṣẹ láti ṣòfin lọ́tìrì àti eré oríire fún àwọn ìpínlẹ̀. Abùjá nìkan ni òfin náà kù fún. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fi fa ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni àṣẹ. Ó wá kù kí a béèrè ohun tí wọn yóò fi àṣẹ náà ṣe. Òṣogbo ni kí a ti béèrè rẹ̀, kì í ṣe Abùjá mọ́.

N kò ní kí wọ́n ti ilé tẹ́tẹ́ pa. Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni àwọn tí ń jókòó níbẹ̀ já tíkẹ́ẹ̀tì, ohun tí a bá sì fòfin dè pátápátá lè lọ fara pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí tẹ́tẹ́ ti bófin mu. Ẹ̀rọ kan wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn tí ènìyàn lè fi £100 ta lẹ́ẹ̀kan, láàárín ogún ìṣẹ́jú-àáyá. Lóṣù Kẹrin ọdún 2019, wọ́n já a wálẹ̀ sí £2. Lóṣù Kẹrin ọdún 2020, wọ́n fòfin dè é pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi káàdì tí báńkì fi ń yáni lówó ta tẹ́tẹ́. Ìwé orúkọ kan sì wà tí wọ́n ń pè ní GAMSTOP: ẹni tí ó bá forúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀, gbogbo ilé tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó ní ìwé àṣẹ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Nítorí náà, mo dábàá pé kí ẹ̀ka wa kọ̀wé sí àwọn aṣòfin wa ní Òṣogbo, kí a béèrè ohun mẹ́ta: kí wọ́n fòfin de fífi owó yíyá ta tẹ́tẹ́, kí ìwé orúkọ bíi GAMSTOP wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ jáwọ́, kí wọ́n sì ya apá kan owó ìwé àṣẹ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú àwọn tí tẹ́tẹ́ ti di bárakú fún. Nínú ilé tiwa, ẹni tí ó bá yá owó òrùlé, kí alájẹṣẹ́kù san án fún oní-páànù tààrà.

Àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Àwa ni onílé. Ẹ jẹ́ kí a pàdé ní ìpàdé oṣù tí ń bọ̀, kí a sì dìbò lé ọ̀rọ̀ yìí. Ìṣọ̀kan ni agbára wa.